Omi Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Àwòrán

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ohun tí ojú kò lè rí di púpọ̀. Ilé àyẹ̀wò DNA, ìyẹn àmì àjogúnbá tó wà lára ènìyàn, ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá mú itọ́ ènìyàn wá, tàbí ohun tí wọ́n nù lára aṣọ, á kán díẹ̀ sínú ìgò kékeré, á gbé e sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà á gbóná, á tutù, á tún gbóná. Àmì àjogúnbá tó wà nínú ìgò á máa di ìlọ́po méjì, títí á fi pọ̀ tó láti yọ bí ìlà nínú àwòrán. Ìlà ẹnì kan kì í dúró síbi tí ti ẹlòmíràn dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ènìyàn mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ bí àmì ṣe dé inú ìgò. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló ń sọ di púpọ̀. Nítorí náà, ọkùnrin yìí máa ń fi ìgò kan kún un tó jẹ́ omi lásán ló wà nínú rẹ̀. Bí ìlà bá yọ níbi omi, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ti wọ iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ọ̀bẹ gún olówó kan pa nílùú tí ọkùnrin yìí ń gbé. Ọlọ́pàá mú bíríkìlà kan tó ń mọ ògiri nítòsí ibẹ̀. Wọ́n mú itọ́ rẹ̀ wá, pẹ̀lú ohun tí wọ́n nù lára èèkù ọ̀bẹ. Ìyàwó bíríkìlà pọn ọmọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta ilé àyẹ̀wò.

Nígbà tí àwòrán jáde, ìlà ọ̀bẹ àti ti bíríkìlà bára mu. Ara ọkùnrin aláyẹ̀wò náà balẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn náà ló wo ibi omi. Ìlà bíríkìlà wà níbẹ̀ náà.

Ó rántí pé itọ́ lòun kọ́kọ́ ṣí, òun kò sì pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kí òun tó fọwọ́ kan àwọn ìgò yòókù. Bí òun bá lè fọwọ́ gbé àmì bíríkìlà dé inú omi, òun lè gbé e dé inú ìgò ọ̀bẹ.

Ó sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe, sà."

Ọ̀gá wo àwòrán, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé omi ló gún olóògbé ni?"

"Rárá, sà, àmọ́—"

"Àwọn ènìyàn olóògbé ló kún ẹnu géètì yẹn. Ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé ọwọ́ ẹ dọ̀tí? Gé ibẹ̀ kúrò, jọ̀ọ́."

Ó ń gbọ́ ariwo wọn lójú fèrèsé. Ẹ̀rù bà á. Ó gé ibi omi kúrò.

Bó ṣe ń jáde, ìyàwó bíríkìlà dìde. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀rọ yín wí?"

Kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ parí, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n sọ bíríkìlà sí.

Láti ọjọ́ náà ni ìgò omi ti ń dẹ́rù bà á. Nígbà tó yá, kò fi í kún iṣẹ́ mọ́. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n.

Ọdún gorí ọdún. Ó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní ó pa ènìyàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀!"

Wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, nítorí ẹbí rẹ̀ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ fi gbé àwòrán jáde. Ìlà àbúrò rẹ̀ àti ti ohun tí ọlọ́pàá mú wá bára mu.

"Omi ńkọ́?"

"Omi wo, sà?"

"Ìgò omi! Kí ló yọ níbi omi?"

"Ẹ ò kọ́ wa ní ti omi kankan, sà."

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń dájọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń buwọ́ lùwé, ẹ̀yin náà tí ẹ dákẹ́ nítorí pé kì í ṣe ọmọ yín ló wà lórí bẹ́ǹṣì, níbo lẹ gbé omi sí? Ohun tí ẹ gé kúrò nínú ẹjọ́ tálákà kò níí sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wá a fún ara yín. Ẹ dá a padà nísinsìnyí, nígbà tí ẹni tó jókòó níta kò tíì jẹ́ ẹbí yín.