Ògúnṣakin Nídìí Ẹwìrì

Nígbà tí ogun parí, òjò ti ń rọ̀, èbù iṣu ti ń hù, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ́ tí wọn yóò fi kọ ebè. Wọ́n ti rọ gbogbo ọkọ́ ìlú di idà, idà náà sì ti ṣòfò sójú ogun. Ìbọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá nìkan ló kù. Ògúnṣakin, olórí alágbẹ̀dẹ, fi irin ìbọn rọ ọkọ́ títí, ṣùgbọ́n bó bá ti kan òkúta báyìí, á dá.

Akíngbadé, ẹrú ogun tó máa ń rọ ìbọn fún àwọn ọ̀tá tẹ́lẹ̀, ní, "Baba, mo mọ̀ ọ́n rọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń fi ẹwìrì fínná."

Irú ìbọn tí Akíngbadé ń rọ ló pa àkọ́bí Ògúnṣakin. Ó wo iná títí, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó jókòó sídìí ẹwìrì.

"Baba ti ya wèrè!" làwọn èèyàn ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ń fínná fún ẹrú!"

Nígbà tí ọkọ́ tí Akíngbadé rọ pọ́n bí ẹyin iná, Ògúnṣakin fẹ́ tì í bọ omi. Akíngbadé di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ẹ rọra, Baba. Eérú gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi bò ó, kó tutù díẹ̀díẹ̀."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ògúnṣakin gbé ọkọ́ náà lọ sóko àkọ́bí rẹ̀, ó là á mọ́ òkúta. Irin dún gooro, kò dá.

Kó tó padà dé, ìròyìn ti tàn, àwọn aláriwo ti kún ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan wúkọ́, ó ní, "Baba, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè."

"Ẹ̀yin ti pè mí ná," ni Ògúnṣakin fèsì. Ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ fún Akíngbadé, ó nawọ́ sí ẹwìrì. "Ẹni tóhùn rẹ̀ ga jù lánàá ni kó kọ́kọ́ wá fínná."