Bí Ìjàpá Ṣe Sọ̀rọ̀ Kàǹkà Nídìí Àgbálùmọ̀

— Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí òkìtì ọ̀gán, ó bá Ìjàpá níbẹ̀.

Àgbálùmọ̀ pọ́n nínú igbó. Bí ọ̀kan bá ti já bọ́ pó báyìí, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gbé e. Bí kò bá ṣe Ọ̀kẹ́rẹ́, Ẹtu ni. Kí Ìjàpá tó wọ́ débẹ̀, èèpo ló ń bá. Á kígbe pé, "Ẹ ṣẹ́ kan kù fún mi!" Ta ní ń dá a lóhùn?

Lọ́jọ́ kan, ó gun òkìtì ọ̀gán, ó jókòó kàǹkà. Ẹ mọ kàǹkà? Kí èèyàn gbé àyà síwájú, kó dijú, kó máa fa ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ló ti gbà á wá. Ìjàpá wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó wá dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ará igbó, ẹ gbọ́ o — Kàǹkà!
Ohun tó ń bọ̀ ń bọ̀ — Kàǹkà!
Kò lójú, kò lórúkọ — Kàǹkà!
Ó ti kọjá odò wá o — Kàǹkà!

Ẹtu tu àgbálùmọ̀ ẹnu rẹ̀ dànù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré gun igi, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń bọ̀?" Ẹ ò rí nǹkan! Ìjàpá di bàbá.

"Ó ń bọ̀."

"Ṣé ọdẹ ni?"

"Ọdẹ gan-an ń sá fún un. Ẹ sá lọ, kí ẹ fi ìdí igi yìí sílẹ̀ fún èmi nìkan."

Wọ́n ti gbẹ́sẹ̀. Àfi Ẹfọ̀n, àgbà wọn, tó ní, "Ẹ dúró ná. Ibo la fẹ́ sá sí, tí a ò mọ ohun tí à ń sá fún? Ìjàpá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òun ni kó lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà odò, kó bá wa bẹ̀ ẹ́."

Háà! Kàǹkà fò lọ lójú Ìjàpá. "Bàbá Ẹfọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni! Àgbálùmọ̀ ló ń wù mí jẹ!"

Ẹtu ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń gbọ̀n! Nǹkan ọ̀hún ti sún mọ́ tòsí!"

Wọ́n gbé e, ó di ọ̀nà odò. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sá padà sídìí àgbálùmọ̀.

Ó ku Ìjàpá nìkan. Ewé mì ṣìì. Orí rẹ̀ wọnú ìkarahun. "Ṣebí èmi ni mo pa irọ́ yìí? Kí ló wá ń bà mí lẹ́rù?" Ó yọrí. Ẹ̀ka igi dá. Orí tún wọlé. Àbí irọ́ náà ti di òótọ́? Ó ń yọrí, ó ń fà á padà, títí àgbálùmọ̀ fi tán lórí igi.

Láti ọjọ́ náà ni ọrùn Ìjàpá kò ti rójú mọ́. Bí ẹnìkan bá sì jókòó kàǹkà, tó ń kéde ewu tí kò lè dárúkọ, àwọn àgbà á bi í pé, "Ṣé wàá bá wa lọ pàdé rẹ̀?"

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ gbé mi dé rèé. Bí mo bá purọ́, kí omi tí n ó mu nírọ̀lẹ́ yìí há mi lọ́fun.