Igba Ilé, Ilẹ̀kùn Kan: Ìdí Tí Ẹ̀ga Kì Í Fi Í Dákẹ́

Ní ayé ìgbà kan, kí ariwo tó mọ ọ̀nà orí ọ̀pẹ, ẹyẹ jẹ́jẹ́ ni ẹ̀ga. Ẹ lè kọjá lábẹ́ igi tí igba ẹ̀ga ń gbé, kí ẹ má gbọ́ ju ìró atẹ́gùn lọ. Ẹ gbọ́ ohun tó bí wọn nínú.

Ní ìgbà náà, gbogbo ilé inú igbó ló ní okùn kóró tirẹ̀. Kóró mẹ́rin ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan: kóró àgbálùmọ̀, kóró iṣin, ẹ̀kùrọ́, kóró ọsàn, bí ó bá ṣe wù wọ́n. Bí wọ́n bá ti to kóró báyìí fún ilé kan, wọn kò gbọdọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ fún òmíràn. Wọ́n á so okùn náà mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ á sín irú okùn kan náà fún èèrà. Èèrà á sì rìn títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà tí okùn rẹ̀ bá èyí tó gbé dání mu.

Òkété ni olórí àwọn èèrà oníṣẹ́. Òun náà ló ń pín okùn. Ní òdìkejì odò, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni olórí.

Nígbà tí okùn kóró bẹ̀rẹ̀, ẹranko kò pọ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé ó lè tán. Àwọn tó kọ́kọ́ dé kó okùn bó ṣe wù wọ́n. Erin kó ogún, ilé kan ṣoṣo ló sì ní. Òkété fúnra rẹ̀ kó ọgọ́rùn-ún. Ó gbẹ́ ihò kiri gbogbo ẹ̀yìn òkè, ó so okùn mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sùn nínú ọ̀kan.

Nígbà tí àwọn ẹ̀ga fi máa sá dé láti ilẹ̀ tí ọ̀dá ti pa, okùn ti tán, àfi ẹyọ kan. Bó ti wù kí wọ́n tún to kóró mẹ́rin, á jọ ti ẹlòmíràn.

“Ẹ má bínú,” ni Òkété sọ fún wọn. “Okùn kan ló kù. Ẹ so ó mọ́ ìdí ọ̀pẹ yín, kí gbogbo yín jọ máa lò ó. Ẹ ṣáà mọ ara yín.”

Ó wá fi Alángbá síbẹ̀ láti máa gba iṣẹ́ tó bá dé.

Bí èèrà bá dé, Alángbá á ní, “Ti ta ni?”

“Ti Ẹ̀ga.”

“Ẹ̀ga wo?”

Èèrà kò mọ̀. Ìdí ọ̀pẹ nìkan ni okùn júwe. Alángbá á gbé iṣẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì tún na ara sínú oòrùn. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ á lo ọjọ́ mẹ́ta nílẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tí kò ni ín ló máa gbà á. Àwọn ẹ̀ga kò sọ̀rọ̀. Àlejò ni wọ́n, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní aláìmoore.

Ẹ̀ga kan wà lára wọn tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó ní ọmọ mẹ́ta tí kò tíì hu ìyẹ́. Ìtẹ́ wọn rọ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ tó kọjú sí odò. Lékeléke tó máa ń tẹ̀ lé màlúù kiri oko ni ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Lékeléke gbọ́ tí àgbẹ̀ kan ní, “Lọ́túnla ni màá gé imọ̀ ọ̀pẹ tó wà ní ìhà odò. Mo fẹ́ fi tún òrùlé àbà mi ṣe.”

Lékeléke fẹ́ fò lọ sọ fún Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n màlúù ti tẹ̀ ẹ́ ní apá, kò lè fò. Ó pe èèrà kan, ó sín okùn ìdí ọ̀pẹ fún un.

“Èèrà, mo bẹ̀ ọ́, sáré. Sọ fún Àwẹ̀ró kó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lórí imọ̀ ìhà odò. Títí di ọ̀túnla nìkan ló ní.”

Èèrà kò sinmi lọ́nà. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé ìdí ọ̀pẹ.

“Ti ta ni?” ni Alángbá wí.

“Ti Àwẹ̀ró. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ jẹ́ kí n gòkè.”

“Kí o gòkè lọ sí ilé wo? Àwẹ̀ró márùn-ún ló wà lórí igi yìí. Ṣé gbogbo ilẹ̀kùn lo fẹ́ máa kàn ni, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà?”

“Màá kàn án! Ẹ ṣáà jẹ́ kí n—”

“Rárá o. Ìdí ọ̀pẹ ni okùn rẹ júwe, ìdí ọ̀pẹ lo sì dé. Gbé e síbẹ̀, kí o máa lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, Alángbá fún Àwẹ̀ró kan tó jẹ́ arúgbó ní iṣẹ́ náà. Ìyá àgbà ní òun kò lọ́mọ nínú ìtẹ́. Alángbá gbé e padà sílẹ̀, ó sì sùn.

Lọ́jọ́ kẹta, àgbẹ̀ dé pẹ̀lú àdá.

Àwẹ̀ró ti lọ wá kòkòrò. Nígbà tó padà, imọ̀ náà ti wà nílẹ̀, ìtẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ mẹ́ta náà, kò sí èyí tó ń mí.

Alángbá sáré dé, ó ń mi orí. “Háà, Àwẹ̀ró! Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ níbí o. Àbí ìwọ lo ni ín?”

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó gbọ́ iṣẹ́ náà tán, ó fò lọ sí ẹ̀yìn òkè. Gbogbo ẹ̀ga tẹ̀ lé e. Èèrà tó gbé iṣẹ́ Lékeléke wá náà tẹ̀ lé wọn.

Òkété jókòó sẹ́nu ihò, ó ń jẹ ẹ̀kùrọ́. “Pẹ̀lẹ́, ìyá,” ló wí. “Irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́.”

“Báwo ni kò ṣe ní í ṣẹlẹ̀ mọ́, Bàbá? Kí lẹ ti yí padà láti àárọ̀?”

“Okùn ló tán. Kí ni kí n ṣe?”

“Okùn kóró mẹ́rin ló tán. Kóró kò tán! Ẹ sín mẹ́jọ sórí okùn. Gbogbo ẹyẹ, gbogbo èèrà, àní gbogbo ewé inú igbó yìí á ní tirẹ̀, á sì tún ṣẹ́ kù.”

Òkété rẹ́rìn-ín. “Mẹ́jọ! Ta ló máa kọ́ èèrà láti ka mẹ́jọ? Ọ̀kẹ́rẹ́ kò tíì ṣe é lódìkejì odò. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, èmi náà á bẹ̀rẹ̀.”

“Mo débẹ̀ láìpẹ́ yìí,” ni Èèrà wí. “Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ẹ̀yin lòun ń wò.”

“Kò burú,” ni Òkété wí. “Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún mi? Ẹ fi èrè hàn mí ná.”

Àwẹ̀ró fò sún mọ́ ọn. “Èrè? Ọmọ mẹ́ta kú sábẹ́ imọ̀, ẹ ní kí n wá máa polówó ẹ̀tọ́ mi fún yín bí ẹni tó ń polówó ẹ̀pà? Ó dáa. Ẹ gbọ́ èrè yín. Èèrà mélòó lẹ ní?”

“Ẹgbẹ̀rún.”

“Mélòó ló ń dúró nídìí igi báyìí, tí wọ́n ń wá ẹni tó ni iṣẹ́?”

Òkété tún ju ẹ̀kùrọ́ kan sẹ́nu.

“Ìdajì wa,” ni Èèrà wí. “Ẹ̀ga wo, Eku wo, Àkèré wo, láti àárọ̀ dalẹ́!”

“Ẹ ń bọ́ ìdajì òṣìṣẹ́ yín kí wọ́n lè máa dúró,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ẹ ń bọ́ Alángbá kó lè máa sùn. Àlejò ń gbé ọkà wá kí wọ́n lè gba okùn, ẹ ń lé wọn padà. Lẹ́yìn náà lẹ ń fi apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kùrọ́ mẹ́wàá ra okùn kan lọ́wọ́ Erin fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Apẹ̀rẹ̀ márùn-ún ni lọ́dún tó kọjá! Mélòó lẹ máa fi rà á lọ́dún tó ń bọ̀? Kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹ já okùn àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí gbogbo igbó á fi mọ mẹ́jọ.”

Òkété nu ẹnu. “Màá rò ó. Ẹ padà wá lẹ́yìn ìkórè.”

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ga kan yọjú sínú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Ẹ wá wò ó! Kò sẹ́ni níbí! Kò sẹ́ni nínú èyí náà!”

Wọ́n fò láti ihò dé ihò. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ṣófo, okùn sì ń mì dùgbẹ̀dùgbẹ̀ lẹ́nu gbogbo wọn.

“Ẹ ní ọ̀kan ló kù!” ni Àwẹ̀ró wí.

“Tèmi ni wọ́n. Mo tètè dé.”

“Ṣé ẹni tó tètè dé odò ló ní kí ìyókù kú fún òùngbẹ?”

Wọn kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n ṣa kóró lábẹ́ igi gbogbo, ẹ̀ga kọ̀ọ̀kan sì hun okùn tirẹ̀, kóró mẹ́jọ mẹ́jọ. Èèrà ní òun lè kà á. Ní ọjọ́ méje, ìdajì èèrà ti fi Òkété sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí bí iṣẹ́ ṣe ń yára dé, ó sáré gba mẹ́jọ bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀. Ihò Òkété ṣì pọ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ránṣẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n hun okùn, ó ku ohun kan. Okùn rọ̀ lókè lórí imọ̀, èèrà kò lè rí i láti ilẹ̀. Alángbá yọjú, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gba iṣẹ́.”

“Láé!” ni Àwẹ̀ró kígbe. Ó yọ orí lẹ́nu ilé rẹ̀, ó sì ka kóró mẹ́jọ tirẹ̀ sókè kí èèrà lè gbọ́ ọ nílẹ̀. Ẹ̀ga kejì ka tirẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo igba fi ń kà á lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ẹ dákẹ́!” ni Alángbá wí. “Etí mi!”

Wọn kò dákẹ́. Kóró mẹ́jọ kò lè jí àwọn ọmọ Àwẹ̀ró dìde. Wọ́n ti ṣe jẹ́jẹ́ rí, wọ́n sì ti rí ibi tí jẹ́jẹ́ já sí.

Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn wá ni ẹ̀ga kọ̀ọ̀kan ti ń gba iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tirẹ̀, tí wọ́n sì ń ké lórí ọ̀pẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè é ní ariwo. Bí ẹ bá sọ òkò sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́, ńṣe ni wọ́n á ké sí i.