Èlú ni Ifá Wí, Ìlú ni Ìyùnadé Gbọ́

Ọlọ́wọ́-aró-jí-ó-kí-ìkòkò, awo ilé aláró, ló dá Ifá fún Ìyùnadé ní ọjọ́ tí obìnrin náà ń fi omijé bọ́jú, tí ó ń sọ pé ìlú Ìgbórè kò lẹ́nu mọ́. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-gbọ́-à-ń-sùn.

Ní Ìgbórè àtijọ́, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń yan ẹni tí yóò bá ọba jókòó nínú ìgbìmọ̀. Bí ọba bá fẹ́ gbé ẹrù lé ìlú lórí, àwọn wọ̀nyí á bá a jiyàn títí ohùn wọn á fi há. Nígbà tí Olúgbórè tí à ń wí yìí gorí oyè, ó ní ariwo wọn ń fọ́ òun lórí. Ó lé wọn lọ sílé. Ó kó àwọn àna rẹ̀ jókòó dípò wọn. Ẹ wo ìgbìmọ̀! Bí Olúgbórè bá sín, àwọn àna á ní, "Kábíyèsí, ìmọ̀ràn rere nìyẹn." Owó ìṣákọ́lẹ̀ lọ sókè, wọ́n ní ó dára. Wọ́n gba oko lọ́wọ́ opó, wọ́n ní ó dára bákan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Ìyùnadé gbádùn. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá nítorí aró, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bó bá jí, ìkòkò aró ló kọ́kọ́ máa ń kí kí ó tó kí ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á ní, "Ìyùn, ṣé ìkòkò ló gbé ọ níyàwó ni?" Òun náà á ní, "Ìkòkò kì í han-an-run ní tirẹ̀." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kò wá mọ́. Ìlú ló ń rò lójú oorun, ìlú ló ń rò lójú ayé. Ó wá gba ilé awo lọ.

Obì wà lẹ́nu awo, ó ń jẹ ẹ́ lọ jẹ́jẹ́. Ó ní Ifá ní ire wà níwájú. Ó ní ẹbọ ni kí ó rú. Ó ní, "Èlú ni kí o fi rúbọ. Ìlú ni yóò jẹ ire rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹbọ náà ti ọwọ́ ẹlòmíràn jáde."

Etí Ìyùnadé ti ń retí ọ̀rọ̀ kan tipẹ́. Ohun tó sì gbọ́ ni, "Ìlú ni kí o fi rúbọ." Kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Kí awo tó gbé obì mì, ó ti dé ojúde.

Ó pe àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí jọ. Wọ́n lọ ta màrìwò sí ojú ọ̀nà odò. Ní Ìgbórè, ibi tí a bá ta màrìwò sí, ó di èèwọ̀ nìyẹn. Àgbà kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọmọdé kì í gbà á. Ìyùnadé dúró níbẹ̀, ó ní, "Bí omi bá wọ́n, ara á ni ìlú. Bí ara bá ni ìlú, ìlú á dìde. Bí ìlú bá dìde, Olúgbórè á dá wa lóhùn."

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Lẹ́nu ẹni tí ìkòkò rẹ̀ kún nílé, ó dùn gan-an.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ní, "Ìyá aláró, ẹ jọ̀ọ́, ààfin ní kànga tiwọn o."

"Kànga á gbẹ."

"Kànga tí bàbá bàbá mi kò rí kó gbẹ rí?"

"Di màrìwò mú dáadáa, jàre."

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ dé. Àwẹ̀ró ẹlẹ́kọ, ọ̀rẹ́ Ìyùnadé láti kékeré. Ọdún kan náà ni wọ́n wọ ilé ọkọ, ògiri kan ló pín ilé wọn. Ẹ̀kọ tí Àwẹ̀ró ń dà ni gbogbo àdúgbò fi ń la ẹnu láàárọ̀, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ ẹ̀kọ mọ̀ pé omi ni ìdajì rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró wà nílé, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ẹ̀kọ nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ ń gbà.

"Ìyùn, ṣí ọ̀nà fún mi."

"Àwẹ̀, má bínú. Nítorí àwọn ọmọ wa ni."

"Ọmọ wo? Èyí tó ń fi ahọ́n lá ètè nílé, àbí èyí tí a kò tíì bí?"

"Bí mo bá ṣí i fún ọ, mo gbọ́dọ̀ ṣí i fún gbogbo ènìyàn."

"Kí ni mo sọ? Gbogbo ènìyàn ni mo ní kí o ṣí i fún."

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyùnadé wò wọ́n, wọ́n pa ẹnu mọ́.

"Àwẹ̀, ṣé o kò rí i pé Olúgbórè ti gba ẹnu wa ni?"

"Mo rí i. Òun gba ẹnu, ìwọ wá gba omi tó yẹ kó wọ ẹnu náà. Ta ni kí n kọ́kọ́ kígbe lé lórí nínú yín?"

"Ẹ̀rù ọba ló ń bà ọ́."

Àwẹ̀ró sọ kèrègbè rẹ̀ kalẹ̀. "Lọ́jọ́ tí o ń rọbí àkọ́bí rẹ, ta ló sáré nínú òjò lọ pe agbẹ̀bí? Ṣé ojo ni mí? Ẹ̀rù Olúgbórè kò bà mí. O kò bi mí léèrè ni. Ilé wa fara ti ara wọn, o kò kan ògiri kí o ní, 'Àwẹ̀, mo fẹ́ ti odò, kí lo rò?' Ká ní o bi mí ni, bóyá èmi gan-an ni ǹ bá bá ọ ta màrìwò náà."

Ó gbé kèrègbè rẹ̀, ó yí padà. Kò gba abẹ́ màrìwò. Ó bọ̀wọ̀ fún un, ó sì lọ. Ìyẹn dun Ìyùnadé ju èébú lọ, ṣùgbọ́n kò tú màrìwò náà.

Ara ni ìlú lóòótọ́. Ẹ̀kọ tán láàárọ̀. Ìtẹ́dìí ọmọ wà láìfọ̀. Àwọn obìnrin ń rìn lọ sí odò kejì tó jìnnà, nínú oòrùn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé lọ́jọ́ kan, ìyá Àwẹ̀ró ti dákú. Díẹ̀ ló kù kó má jí mọ́.

Kí wá ni Olúgbórè ṣe? Ó ní kí wọ́n gbé omi kànga ààfin síta. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ wá mu, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ rí ohun tí àwọn tó ń jà fún yín fi yín ṣe?" Àwọn àna ń bu omi kiri bí ẹni ń ṣe ìkómọ. Àwọn tó ń ṣépè fún un lánàá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ń kọrin, "Bàbá ni ọ́!"

Àwẹ̀ró kò lọ. Odò kejì ló ń lọ, ó ní òun kò ní mu omi tí òun yóò fi orúnkún san.

Ìyùnadé gbọ́ orin náà láti ojú ọ̀nà odò. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń yọ́ lọ. Ó fi ìbínú gba ilé awo lọ.

"Bàbá, irọ́ ni Ifá yín pa fún mi!"

"Ẹ̀hẹ́n? Kí ni mo ní kí o fi rúbọ?"

"Ìlú."

"Kí ni?"

"Ìlú! Mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í rúbọ tán."

Awo wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó gun àyà, fìlà jábọ́ lórí rẹ̀. "Èlú, ọmọ mi! Èlú! Ewé tí ò ń gún! Aláró ni ọ́, mo sọ èlú fún ọ, o kò gbọ́ èlú!"

"Obì ló wà lẹ́nu yín, bàbá."

"Obì wà lẹ́nu mi lóòótọ́. Kí ló wà ní etí tìrẹ?"

Awo nu omi ojú rẹ̀ nù, ó ní, "Ohun tó jẹ́ tìrẹ ni Ifá ń bèèrè. Bí o bá jí ewúrẹ́ mi gbé lọ rúbọ, ẹbọ ta ni?"

Ìgbà náà ni ojú obìnrin náà là. Aró èlú tó wà nínú ìkòkò rẹ̀ nígbà náà ni wọ́n fẹ́ fi rẹ aṣọ ẹ̀tù Olúgbórè, èyí tí ọba fi ń jáde sí ìlú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọba Ìgbórè kì í jáde láìwọ ẹ̀tù tó dúdú minimini. Aláró kọ̀, ọba kò lè jáde nìyẹn. Ìyùnadé mọ̀ ọ́n láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n aró náà ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Odò ló rọrùn fún un láti tì, nítorí kì í ṣe òun ni yóò jẹ ìyà rẹ̀ jù.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú màrìwò. Ó pọn omi, ó rù ú dé ilé Àwẹ̀ró. Ó bá a níbi tó ti ń fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ.

"Àwẹ̀, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo sì wá bi ọ́ léèrè. Mo fẹ́ da aró mi nù, gbogbo rẹ̀. Mi ò wá pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni."

Àwẹ̀ró tún bu ẹ̀kọ. Ìyá rẹ̀ gbé orí sókè. "Ta nìyẹn?"

"Ìyùn ni, ìyá," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ìyùn tó ti odò pa?"

"Òun náà ni, mà."

"Àwẹ̀ró, má fi gbogbo ẹ̀bi rù ú. Ẹ̀kọ rẹ ti ń kan kí wọ́n tó ti odò rárá."

Ẹ̀rín gbé Àwẹ̀ró, kò mọ ìgbà tó yọ. Ìyùnadé ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Àwẹ̀ró so gèlè mọ́ ìdí. "Ìkòkò rẹ wúwo. Bọ́ sí ọ̀hún, kí n bọ́ sí ibí."

Wọ́n jọ yí ìkòkò náà lójú gbogbo ènìyàn. Aró ṣàn, ó gba ojú títì, ó dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Àwọn aláró yòókù jáde. Ọ̀kan ní, "Orí rẹ pé ṣá?" Òmíràn ní, "Ṣé dandan ni fún wa?"

"Kò sí dandan," ni Ìyùnadé wí. "Tèmi ni mo dà."

Ẹni kejì tó bèèrè náà ká apá bùbá rẹ̀ sókè. Ó wọlé. A gbọ́ gbàmù! Ó ti yí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti ilé dé ilé. Obìnrin kan tó ń tọ́ ìbejì kò lè da tirẹ̀, ó ń tijú. Ìyùnadé ní kó mú ojú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kó lọ tọ́jú àwọn ọmọ. Àwẹ̀ró ní òun yóò máa da ẹ̀kọ fún àdúgbò, ṣùgbọ́n kí àwọn àna ọba lọ máa gún àgbàdo tiwọn.

Kì í ṣe pé ara dẹ̀ wọ́n o. Àwọn oníṣòwò aṣọ wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ilé mìíràn jẹ iṣu láìsí epo. Ẹni tó ní ń bu fún ẹni tí kò ní. Olúgbórè tún gbé oúnjẹ síta, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ewúrẹ́ ló wá jẹ ẹ́. Ìyà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú, ta ni yóò kọrin fún ọba lórí rẹ̀?

Ọjọ́ ìjáde kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn àna ní àwọn yóò pa ẹ̀tù náà láró fúnra àwọn. Ohun tí wọ́n yọ jáde rí bí omi ẹ̀fọ́ àná. Olúgbórè wò ó, ó jókòó, ó ránṣẹ́ sí ìlú.

"Kí ni ẹ fẹ́?"

Ìyùnadé kúnlẹ̀ bí obìnrin ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ọba. "Ìjókòó wa, Kábíyèsí. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹni tirẹ̀."

"Ariwo yín yóò tún máa fọ́ mi lórí."

"Kábíyèsí, orí tó ń fọ́ ṣì wà lọ́rùn."

Ọba fi ọwọ́ kan ọrùn. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí àwọn àna dìde kúrò lórí ìjókòó ìlú.

Nígbà tí àdúgbò aláró fẹ́ yan ẹni tirẹ̀, Àwẹ̀ró ni wọ́n yàn. Inú bí Ìyùnadé díẹ̀, ká má purọ́. Ó ní, "Èmi tí mo kọ́kọ́ da aró ńkọ́?" Wọ́n ní, "O dà á lóòótọ́. Òun ló kọ́ ọ láti bèèrè kí o tó dà á." Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ sọ nínú ìgbìmọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti odò mọ́ ìlú láìbi ìlú léèrè, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ẹni tó ń bá ọba jà. Olúgbórè ní òun fara mọ́ ọn. Láti ìta, Ìyùnadé kígbe pé, "Èmi náà fara mọ́ ọn!" Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbórè tún lẹ́nu. Èlú tuntun hù. Ìyùnadé ń jó, ó ń kí awo rẹ̀. Awo ń kí Ifá tó sọ èlú nígbà tí etí ń fẹ́ ìlú.

Ifá ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìlú là mú ẹbọ láti inú ilé ara rẹ̀ wá. Kí ó kan ilẹ̀kùn ẹni tí ìyà ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó bi í léèrè. Ire yóò bá irú ẹbọ bẹ́ẹ̀ délé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú ilé tí ẹ ń sọ pé kí wọ́n má da yín láàmú, Ifá ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin náà: bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ẹ dáhùn.