Okùn tí Ìyá Jọláadé Ta

Láti igun dé igun la ti ń mọ ilé tó gún. Òwe yìí kò ṣòro láti pa. Àgbà ń fi í parí ọ̀rọ̀, ọmọdé ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, àwọn mìíràn sì ń pa á láì tíì rí ilé kan tí kò gún rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ta okùn tó bí òwe náà, àti ẹni tó bá a di apá kejì rẹ̀ mú?

Obìnrin kan tó ń hun ẹní ni, ní ìlú Igbó-Àràbà. Ìbídùnní ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Jọláadé ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọkọ rẹ̀, Ògúndélé, ló máa ń mọ ilé fún ará ìlú. Nígbà tí ìjọ ní kí Igbó-Àràbà kọ́ ilé-ìwé, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ibà mú un lọ nígbà òjò ọdún náà, kò sì rí ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́ta tí wọ́n jọ bí, Jọláadé nìkan ló kù.

Ọlátẹ́jú, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí jókòó, wọ́n ní kí Ọlátẹ́jú ṣú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìbídùnní ní òun kò fẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì pa ariwo. Ó kàn ní òun kò fẹ́. Láti ọjọ́ náà, fún oṣù mẹ́jọ gbáko, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ọ̀kan bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, èkejì a gba iwájú ilé kọjá.

Ìjọ ti fi ogójì páànù ránṣẹ́. Inú ilé Baálẹ̀ ni wọ́n kó o sí, tí àwọn èèyàn ń lọ fi ọwọ́ kàn án wò. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ọkùnrin tí ìjọ rán wá láti máa kọ́ àwọn ọmọ, mú ọ̀rọ̀ kan wá pẹ̀lú rẹ̀. Bí òjò bá dé tí ilé kò tíì ní òrùlé, páànù náà yóò lọ sí ìlú mìíràn tó ti múra tán, ọmọ Igbó-Àràbà tó bá fẹ́ kàwé yóò sì máa lọ gbé ibẹ̀, ìrìn ọjọ́ méjì sí ilé. Orúkọ Jọláadé ti wà nínú ìwé Tíṣà. Ìyá rẹ̀ ti ṣèlérí fún Ògúndélé lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn pé ọmọ náà yóò kàwé. Kò lè yẹ ìlérí náà, kò sì mọ bí òun yóò ṣe máa jí lójoojúmọ́ nínú ilé tí kò ní sí ẹlòmíràn tó ń mí níbẹ̀.

Ọlátẹ́jú kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun àti àwọn ọkùnrin ìlú ti mọ ìpele kìn-ín-ní ògiri náà, ó ga dé orúnkún, ó sì ti gbẹ. Òòró ilé jẹ́ ogójì ẹsẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ ogún. Ó wọn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Òòró ọ̀tún bá ti òsì mu, ìbú iwájú bá ti ẹ̀yìn mu. Láyé tí koríko bẹẹrẹ là ń fi bo ilé, ìyẹn ti tó. Bẹẹrẹ a máa dárí ji mọlémọlé: bí ilé bá yà síhìn-ín, a fa koríko gùn, bí ó bá tẹ̀ sọ́hùn-ún, a gé e kúrú. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ọlátẹ́jú pé páànù kì í dárí jini. Páànù ti mú igun tirẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìbídùnní ru ẹní mẹ́ta lọ fún Tíṣà, èyí tí àwọn ọmọ yóò máa jókòó lé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kọjá, ó gun orí òkìtì amọ̀, ó wo ògiri náà láti òkè, ó sì mọ̀ pé ó wọ́. Kì í ṣe ojú ló fi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni. Bí ó bá hun ẹní tán, kì í tẹjú mọ́ ọn, ńṣe ló máa ń ká a. Ẹní tó gún, bí o bá ká a, ẹnu rẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹní tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba ṣùgbọ́n tí igun rẹ̀ wọ́, ẹnu rẹ̀ a yọ ṣóńṣó bí ìdí ìgbín. Ilé tó wà nílẹ̀ yìí, bí ó bá ṣe é ká ni, yóò yọ ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ká ilé?

Ó padà sílé, ó tẹ́ ẹní méjì sílẹ̀, ọ̀kan tó gún àti ògbólógbòó kan tó wọ́, èyí tó fi ń sá èlùbọ́. Ó ta okùn láti igun kan ẹní tó gún dé igun tó jìnnà sí i jù lọ, ó sì ta okùn náà láàárín igun méjì yòókù. Ó bára mu wẹ́kú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹní èlùbọ́. Okùn tó bá ọ̀kan mu kò tó èkejì. Ó dìde, ó tú okùn kànga, ó sì mú ọ̀nà ilé-ìwé pọ̀n.

Baálẹ̀ àti Tíṣà wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń tẹ amọ̀ fún ìpele kejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ilé yìí wọ́."

Láoyè, tí amọ̀ mù dé agbede-méjì ojúgun, fa ẹsẹ̀ yọ. "Ìyá Jọláadé, ṣé ẹ fẹ́ sùn lé e ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ọlátẹ́jú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò wo ojú rẹ̀, Baálẹ̀ ló kọjú sí. "Baálẹ̀, ẹ bá mi sọ fún Ìyá Jọláadé pé ẹní ni wọ́n ń hun, ilé ni èmi ń mọ. Ẹ̀gbẹ́ tó bá kúrú, kí wọ́n fi hàn mí."

"Mi ò bá ẹ̀gbẹ́ jà," ni Ìbídùnní wí. "Ẹ̀gbẹ́ dára. Igun ni mo fẹ́ yẹ̀ wò."

"Báwo la ṣe ń yẹ igun wò?" Baálẹ̀ bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n ta okùn láti igun yìí dé igun tó jìnnà sí i jù lọ, Baálẹ̀, kí n sì tún ta á láàárín àwọn méjì yòókù. Bí ilé bá gún, okùn kan náà ni yóò tó àwọn méjèèjì."

Ó mú orí okùn kan, ó wò káàkiri. Okùn kò ṣe é ta lápá kan. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lápá kejì. Kò sí ọkùnrin kan tó mira, torí wọn kò fẹ́ já ọ̀gá wọn jù sílẹ̀. Ọlátẹ́jú fúnra rẹ̀ ló sì dúró sí igun tó jìnnà náà. Ìbídùnní kọjú sí i.

"Ọkọ mi," ó wí, bí ìyàwó ilé ti ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀, "ẹ bá mi di okùn yìí mú."

Ó ju okùn náà. Ó bọ́ sílẹ̀ níwájú Ọlátẹ́jú, ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó fà á le. Ìbídùnní ta kókó sí ibi tí okùn dé. Wọ́n kó o lọ sí igun méjì yòókù, wọ́n tún fà á. Kókó náà kọjá igun, ó fi bí ẹsẹ̀ mẹ́rin lé e.

Ọlátẹ́jú jókòó sórí ògiri, ó sì ń wo iwájú ilé àti ọ̀nà tó gba ibẹ̀ kọjá.

"Ọ̀nà ni mo tẹ̀ lé," ó wí. "Mo ní kí iwájú ilé kọjú sí ọ̀nà, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló sì dagun." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ilé míṣọ̀n lọ́hùn-ún, mo máa ń rí i tó ń rìn láti igun dé igun, ẹnu rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló ń kà."

Ìbídùnní jókòó sórí ògiri kan náà, kò súnmọ́ ọn, kò sì jìnnà. "Méjèèjì ló máa ń ṣe pa pọ̀, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ la ó wó?" Tíṣà béèrè. Òjò ti ń ṣú lápá ìlà-oòrùn.

Ọlátẹ́jú dìde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó sì ti rí ojú rẹ̀ wàyí. "Rárá o. Àwọn òòró méjèèjì kò ṣẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn rìn bí ojú irin rélùwéè. Bí wọ́n bá rìn dé Ìlọrin, wọn kò ní pàdé. Ìbú méjì nìkan la ó wó. A ó gé ẹsẹ̀ méjì níwájú òòró òsì, a ó sì fi ẹsẹ̀ méjì kún un lẹ́yìn. Láoyè, gbé ọkọ́ wá, kí o sì fi ẹ̀rín rẹ pa omi pọ̀ mọ́ amọ̀."

Ṣùgbọ́n kó tó gbé ọkọ́ tirẹ̀, ó yíjú sí Ìbídùnní. "Ìyá Jọláadé, nígbà tí ẹbí ní kí n ṣú yín, àgbà ẹbí kan bi èkejì, ó ní ó dára, èkejì bi ẹni tó jókòó tì í, òun náà ní ó dára. A ní ọ̀rọ̀ ti gún. Kò sẹ́ni tó ta okùn dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má bínú."

"Inú mi ti rọ̀," ni ó dáhùn.

Wọ́n ń ta okùn náà kí wọ́n tó lé ìpele kọ̀ọ̀kan, Ìbídùnní ní igun kan, Ọlátẹ́jú ní èkejì. Nígbà tí wọ́n kan páànù, etí rẹ̀ bá etí ògiri lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òjò ńlá àkọ́kọ́ bá àwọn ọmọ nínú ilé-ìwé. Ariwo rẹ̀ lórí páànù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà fi ní kí wọ́n pariwo A, B, D ju òjò lọ, Ìbídùnní sì gbọ́ ohùn Jọláadé láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Láti igun dé igun la ti ń mọ ilé tó gún. Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ fi í parí ẹjọ́, ìlú sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí àwọn tó jókòó ti ara wọn bá ti fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n sì fẹ́ kéde pé gbogbo ilé ti gbà. Wọ́n ń pa á kí á má bàa ka ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó jókòó lọ́hùn-ún sí ìfọwọ́sí, kí á dìde, kí á ju okùn sí i, kí á sì dúró títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un.