Àwọn Ọkọ Inú Omi Híhó

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọlé wá jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń nàró gbọ́. Obìnrin ọdẹ kan ni mo fẹ́ sọ̀tàn rẹ̀ fún yín, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ìbọn rí. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọdẹ́tọ́lá. Bàbá rẹ̀ ń dọdẹ ẹfọ̀n àti erin, òun ń dọdẹ ohun tí ojú lásán kò lè rí, àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-tín tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní kòkòrò àìfojúrí. Àwọn tó wù ú jù nínú wọn ni àwọn tó ń gbé ibi tí kò yẹ kí ohun ẹlẹ́mìí lè gbé: inú iyọ̀, inú omi kíkan, inú omi tó ń hó. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ti ń ṣiṣẹ́, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sì ni ìbọn ọwọ́ rẹ̀.

Ìbídùn kò mọ ìyá. Àwẹ̀ró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó yá, ọgbẹ́ kan yọ sí Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀, ó ń kẹ̀, ó ń rùn. Gbogbo oògùn tí wọ́n lò sí i, àwọn ẹ̀dá inú ọgbẹ́ náà ti mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, kò ràn wọ́n mọ́. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló gbé àwọn mìíràn dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan náà ní ilé ìwòsàn. Dókítà ní bí òjò ọdún náà bá dá tí ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò jiná, àwọn yóò gé e láti orúnkún. Ìbídùn sunkún títí, ó wá rántí Igbó Olóoru, níbi tí omi kan ti ń hó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀dá tó bá lè gbé inú irú omi bẹ́ẹ̀ yóò ní agbára tí àwọn tó wà nínú ọgbẹ́ kò tíì bá pàdé rí. Àwọn tó ti wọ igbó náà kò pọ̀, àwọn tó bọ̀ níbẹ̀ kò sì fẹ́ràn kí á bi wọ́n.

Nígbà tó ń lọ, Àwẹ̀ró pè é. "Ìbídùn, ìwọ lo kàwé, n kò lè kọ́ ọ níwèé. Ṣùgbọ́n ilé onílé lò ń lọ. Ẹni yòówù tí o bá bá níbẹ̀, kúnlẹ̀ fún un. O ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé Àwẹ̀ró níyàwó, tó kúnlẹ̀ fún ìkókó kan tó ṣì ń mu ọmú, tó ń pè é ní ọkọ òun. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: ẹni tó ti wà nínú ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìkókó náà ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, Akọ́wé ni Àwẹ̀ró ṣì ń pè é.

Ìbídùn wọ Igbó Olóoru. Ẹyẹ kan kò ké níbẹ̀. Ilẹ̀ funfun fún iyọ̀, àwọn igi dúró láìléwé, omi odò kékeré tó là kọjá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ awọ bàtà rẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bó bá sì dúró, ìró náà á dúró. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò jẹ́ kó padà.

Níbi tí òkúta méjì ti ṣe ẹnu ọ̀nà, iwin kan dìde. Imí-ọjọ́ bo gbogbo ara rẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní ìpàkọ́. Ìbídùn kúnlẹ̀ kíá. Ẹni tó ga bí ọ̀pẹ, ta ni kò ní kúnlẹ̀ fún?

"Ọmọ ènìyàn, kí lo wá dọdẹ nínú igbó tí ẹran kò sí?"

"Ẹ kú ilé, bàbá. Ohun tí ojú kò rí ni mo wá dọdẹ."

"Nínú gbogbo ohun tó ń bí tó sì ń kú, ta ni àgbà?"

"Àwọn tín-ín-tìn-tín ni, bàbá. Kí igi tó hù, kí ẹja tó lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ti wà."

Iwin náà yí ìpàkọ́ sí i, ó wò ó. "Ẹnu rẹ mọ̀ ọ́n," ó wí. "Orúnkún rẹ ńkọ́? Máa lọ. Àánú rẹ ṣe mí."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Ìbídùn. Ó rìn títí ó fi dé etí omi tó ń hó, tí àwọ̀ osùn àti ti ewé tútù yí bèbè rẹ̀ ká. Kò kí ẹnikẹ́ni, nítorí kò rí ẹnikẹ́ni. Ó yọ ìgò rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Kòkòrò mi rèé. Orúkọ bàbá mi ni n ó sọ ọ́."

Omi náà dẹ́kun híhó. Ooru rẹ̀ yípo, ó di Ìbídùn lọ́wọ́ mú, ohùn àìlóǹkà sì sọ̀rọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan: "Ta ló pè wá ní kòkòrò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo wá bá."

"Ẹ̀yin tí o pè wá yìí, ti ọ̀pọ̀ ni, àbí ti àgbà?"

Ti ọ̀pọ̀ ni Ìbídùn ní lọ́kàn. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Nígbà náà ló rántí Àwẹ̀ró àti ìkókó ìjọ́sí. Ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ lórí òkúta gbígbóná, ó ní, "Ti àgbà ni. Ẹ̀yin ọkọ mi, ìyàwó àná ni mo jẹ́ nínú ilé ayé, ẹ̀yin ni mo bá nílé. Ẹ forí jì mí. Bàbá Kékeré ni n ó máa pè yín."

Omi náà rẹ́rìn-ín bí epo tó ń dín nǹkan. "Àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, àbúrò wa ni wọ́n. A ó bá ọ lọ, a ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọn yóò kó ẹrù wọn jáde. Ṣùgbọ́n bí o ti kí wa níbi tí ènìyàn kò sí, bẹ́ẹ̀ ni kí o kí wa lójú ayé. Ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ ní yàrá, tó ń ṣe ọ̀gá lóde, kì í ṣe ìyàwó wa."

Ìbídùn bu wọ́n sínú ìgò, ó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ó gbé ìgò náà sórí iná jẹ́jẹ́ kí ooru wọn má bàa lọ. Láràárọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á fa aṣọ yí ibùsùn Àwẹ̀ró ká, á kúnlẹ̀: "Ẹ kú ojúmọ́, Bàbá Kékeré." Lẹ́yìn náà ni yóò kán wọn sójú ọgbẹ́. Òórùn lọ, ẹran tútù yọ, Àwẹ̀ró fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Àwọn aláìsàn yòókù ń retí kí ó kàn wọ́n.

Ni àwọn ẹni ńlá bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àwọn àlejò láti òkè òkun, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé, "Ọ̀mọ̀wé, kí ló wà nínú ìgò yìí?"

Orúnkún Ìbídùn ti fẹ́ tẹ̀. Ó wo kóòtù wọn, ó wo ẹ̀rọ ayàwòrán, ojú tì í. "Kòkòrò kan lásán ni," ó wí. "Orúkọ bàbá mi ni mo sọ ọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Orí iná ni ìgò náà wà tó fi tutù. Àwẹ̀ró gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ọgbẹ́ náà tún là, ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìbídùn sáré padà sí Igbó Olóoru, iwin náà kàn kọjú sí ibòmíràn, ó ní, "Ẹnu rẹ mọ̀ ọ́n." Ọ̀nà sì dí. Kí òjò tiẹ̀ tó dá, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró kò bá a jà, ìyẹn gan-an ló dun Ìbídùn jù. Nígbà tí ara Àwẹ̀ró mókun díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ìgò náà wá, kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n má fa aṣọ. Lójú dókítà, lójú àwọn aláìsàn àti àwọn tó wá kí wọn, ó di èjìká àbúrò rẹ̀ mú, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ kú ojúmọ́, Bàbá Kékeré. Orúnkún kan ló kù fún mi, òun náà ni mo fi kí yín."

Ìbídùn kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún lójú gbogbo ènìyàn. Ìgò náà kò yí padà. Wọ́n tún kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àti lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà, àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí obìnrin tó wà lórí ibùsùn kejì tó pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní ìgò náà ń làágùn. Àwẹ̀ró fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Ó nà án sí Ìbídùn, ó sì tọ́ka sí ọgbẹ́ obìnrin náà. Ọgbẹ́ obìnrin náà jiná. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò hù padà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìtàn mi parí, ìmọ̀ràn ló kù. Bí ẹ bá délé, ẹ kí ẹni tí ẹ bá nílé, pàápàá ẹni tí ẹ kò rí, kí ẹ sì kí i lójú àwùjọ. Ẹ jẹ́ ká dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ọkọ wa tín-ín-tìn-tín ti wà nínú yàrá yìí kí á tó wọlé, wọ́n sì ń gbọ́ wa.