Ìlẹ̀kẹ̀ Pupa Ìsàlẹ̀ Ìgò

Níbo ni ọkàn yín wà bí ẹ ṣe ń kàwé yìí? Bó bá wà nídìí iná, ẹ lọ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ ná, kí ẹ tó padà wá.

Ọkàn Fẹ̀hìntọ́lá kì í gbélé. Láti ọjọ́ tí giri ti kọ́kọ́ gbé Ìṣọ̀lá ọmọ rẹ̀ ni kò ti mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ á máa sùn, òun á ní òun gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ìyá Ọdẹ́wálé, ìyá ọkọ rẹ̀, wò ó títí ó sú u. Ó mú ìgò àdí tí wọ́n ń fi pa ọmọ lára, ó ju ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan sínú rẹ̀.

“Ìyàwó, di ojú kan. Fi èkejì wo ìlẹ̀kẹ̀ yìí láti ẹnu ìgò. Má wo nǹkan mìíràn.”

“Ìyá, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ló máa wo ọmọ mi sàn ni?”

“Ìwọ ló máa kọ́kọ́ wò sàn. Bí ọkàn rẹ bá sá, má bú u. Fà á lọ́wọ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, kó o dá a padà sídìí ìlẹ̀kẹ̀.”

Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Lọ́jọ́ kìíní, ọkàn rẹ̀ lọ sódò, ó lọ sóko, ó lọ sí ibojì ọmọ rẹ̀ kan tó kú ṣáájú Ìṣọ̀lá. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, ó lè wo ìlẹ̀kẹ̀ náà títí omi orí iná á fi hó. Ìyá Ọdẹ́wálé ló ń ṣí ìgò, òun náà ló ń dé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, giri tún dé. Ara ọmọ le bí igi, ojú rẹ̀ yí sókè. Àwọn obìnrin ilé figbe ta.

“Da àdí sí i lára! Kí lò ń dúró wò?”

“Àbí o fẹ́ pa á ni?”

Fẹ̀hìntọ́lá sáré gbé ìgò. Àdí ti kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Kó tó dà á, ó di ojú kan bó ti máa ń ṣe láràárọ̀, ó wá ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Kò rí i. Ohun dúdú kan jókòó lé e lórí, ó ká ìrù sókè.

“Àkeekèé!”

Ó ju ìgò nù. Wọ́n sáré gba àdí mìíràn lójúlé kejì, wọ́n fi pa ọmọ. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Ìṣọ̀lá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sunkún, gbogbo ilé mí kanlẹ̀.

Ìbínú wá dé.

“Ta ló fi ìgò sílẹ̀ láìdé?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìyàwó tí ọkàn rẹ̀ kì í gbélé ni!”

Fẹ̀hìntọ́lá fa ọmọ mọ́ra. Ọmú wà lẹ́nu ọmọ.

Ìyá Ọdẹ́wálé ló gbẹnu sọ fún un. “Ẹ fi í sílẹ̀. Láàárọ̀, mo ṣí ìgò tán ni mo gbọ́ ìjà yín nídìí kànga. Ojú mi kan wà lára ìgò, èkejì wà lọ́dọ̀ yín. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í fojú méjì wo inú ìgò.